Bette Davis tàbí Barbara Stanwyck: ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú fíìmù Hollywood àtijọ́ kì í rìn jìnnà kó tó pàdé àwọn obìnrin méjì yìí: Barbara Stanwyck, tí wọ́n bí ní Brooklyn ní 1907, àti Bette Davis, tí wọ́n bí ní Lowell, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní 1908. Àwọn méjèèjì jọ gbayì láàárín 1930 sí 1950. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe fíìmù tó ju 70 lọ. Kódà ikú wọn ò jìnnà síra: Davis lọ ní October 1989, Stanwyck tẹ̀ lé e ní January 1990. Bí ẹ bá kàn ń mú èyí tọ́wọ́ yín bá bà, kò ṣòro kẹ́ ẹ bọ́ sórí èyí tí kò dáa nínú 70 yẹn, kẹ́ ẹ sì rò pé asán ni gbogbo ariwo tí àwọn èèyàn ń pa nípa wọn. Ó máa dùn mí bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀, ẹni tí ọ̀kan bá sì wọ̀ lára lè má rí ti èkejì rò. Àwọn tó ń fi wọ́n wéra sábà máa ń ka iye Oscar tí wọ́n gbà, tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹyinjú ńlá Davis. Lójú tèmi, ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ni ìyàtọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Davis lo ọdún tó tó 18 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Stanwyck kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan so òun mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ó hàn nínú irú ìtàn tí wọ́n ṣe, nínú ẹ̀bùn tí wọ́n gbà, àti nínú bí ojú wọn ṣe rí nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ wọn.

Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí

Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ ńlá márùn-ún ló di Hollywood mú: MGM, Paramount, Warner Bros., 20th Century Fox àti RKO. Àwọn ló ń ṣe fíìmù, àwọn ló ń pín in kiri, àwọn náà ló sì ni púpọ̀ nínú ilé sinimá tí wọ́n ti ń wò ó, títí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi dájọ́ ní 1948 tí wọ́n sì ní láti tú u ká. Òṣèré tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀ máa ń fọwọ́ sí ìwé tó lè gùn tó ọdún méje. Òṣèré ò lè já ìwé náà. Ilé-iṣẹ́ lè já a, nítorí gbogbo oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ni wọ́n máa ń wò ó bóyá ó ń tà, bí kò bá sì tà, wọ́n á ní kó máa lọ. Fíìmù tí wọ́n bá gbé fún un ló máa ṣe. Bó bá kọ̀, wọ́n á dá a dúró láìsan owó, gbogbo ọ̀sẹ̀ tó bá fi jókòó sílé, wọ́n á lọ fi kún ìparí àdéhùn rẹ̀. Wọ́n tún lè yá a fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n gba owó gọbọi lórí rẹ̀, kí wọ́n san iye tó wà nínú ìwé fún un, kí wọ́n sì fi ìyókù sápò. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù.

Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni Davis ti dàgbà. Ìparí 1930 ló dé Hollywood, sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Universal, tí wọn kò rí ẹwà tí wọ́n ń wá lára rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Àgbà òṣèré kan, George Arliss, ló fẹ́ ẹ fún fíìmù tirẹ̀ ní Warner Bros., tó jáde ní 1932. Bó ṣe di èèyàn Warner nìyẹn títí di 1949. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, fíìmù wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń jù ú sí, ọ̀kan lórí òmíràn. Nígbà tó gbọ́ pé RKO ń wá ẹni tó máa ṣe Mildred nínú Of Human Bondage, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà tí ìwà rẹ̀ kò dáa rárá, ó lọ ń bẹ Jack Warner, ọ̀gá Warner Bros., léraléra kó yá òun fún wọn. Àwọn òṣèrébìnrin mìíràn ń sá fún ipa náà, wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á kórìíra wọn. Davis gbà á. Nígbà tí àìsàn dé bá Mildred lápá ìparí, kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní àtíkè rẹwà. Ó fi ojú ẹni tó ń kú lọ hàn. 1934 ni fíìmù náà jáde, àwọn èèyàn sì bínú débi pé nígbà tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n yàn fún Oscar, àjọ náà ní láti gbà kí àwọn olùdìbò fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ tó bá wù wọ́n sínú ìwé ìbò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe Dangerous, òun ló sì gba Oscar rẹ̀ àkọ́kọ́ fún un. Síbẹ̀ náà, wọ́n tún padà sórí fíìmù wẹ́wẹ́. Ní 1936, ó kọ èyí tí wọ́n fún un, wọ́n dá a dúró, ló bá wọ ọkọ̀ ojú omi ó di Íńgíláǹdì láti lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣeré. Warner gbé e lọ sí kóòtù ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó bá kẹ́kọ̀ọ́ òfin àdéhùn láti inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa dá ẹjọ́ náà mọ̀: Warner Brothers àti Nelson, nítorí Nelson ni orúkọ ọkọ rẹ̀ nígbà yẹn. Adájọ́ Branson ní òun kò ní fipá mú un ṣiṣẹ́ fún Warner, ṣùgbọ́n òun kò ní gbà kó ṣeré fún ẹlòmíràn ní Íńgíláǹdì títí àkókò kan. Bó bá wù ú, kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Davis pàdánù ẹjọ́, ó pàdánù owó, ó sì padà sílé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé-iṣẹ́ tó borí rẹ̀ ní kóòtù ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìtàn fún un, tó ń wá olùdarí gidi fún un, tí wọ́n ń dá aṣọ àti iná kámẹ́rà sí i bíi pé òun nìkan ni wọ́n ní. Jezebel jáde ní 1938, Oscar kejì tẹ̀ lé e. Láti 1938 dé 1942, kò sí ọdún kan tí wọn kò yan orúkọ rẹ̀ fún Oscar. Ẹ̀rọ ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ náà, ó sì ń bá a jà lójoojúmọ́. Bẹ́ ẹ bá wo fíìmù Davis ti àwọn ọdún yẹn, ẹ máa rí i pé òun ni àárín gbogbo rẹ̀: kò sí àga, fèrèsé tàbí àtẹ̀gùn tí wọn kò gbé síbẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ti Stanwyck kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ruby Stevens ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ọ̀mùtí kan ti ìyá rẹ̀ ṣubú láti inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìyá náà sì kú. Kò pẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi gba ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò Panama lọ, kò sì padà mọ́. Ilé onílé ló ti dàgbà. Ọ̀dọ́langba ló wà tó fi ń jó lórí ìtàgé ní New York, kó tó di pé ó gba ipa gidi ní Broadway. Ẹni tó ti tọ́jú ara rẹ̀ láti kékeré bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Lẹ́yìn tí Ladies of Leisure gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní 1930, ilé-iṣẹ́ méjì ló bá ṣàdéhùn lẹ́ẹ̀kan náà, Columbia àti Warner, láìsí èyí tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín. Nígbà tó yá, ó kúkú ń ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú níbi tó bá wù ú. Ẹ wo 1941 nìkan: The Lady Eve fún Paramount, Meet John Doe fún olùdarí Frank Capra, You Belong to Me fún Columbia, Ball of Fire fún Samuel Goldwyn. Ọdún kan, fíìmù mẹ́rin, ọ̀gá mẹ́rin. Ní 1944, àwọn agbowó-orí ìjọba Amẹ́ríkà kà á sí obìnrin tí owó tó ń wọlé fún pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà.

Àmọ́ òmìnira ní iye tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n yan Stanwyck fún Oscar, kò gba ọ̀kankan. Ọlá nìkan ni wọ́n fi èyí tí wọ́n gbé fún un ní 1982 bù fún un. Èrò tèmi ni pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òṣèré tirẹ̀ tó fẹ́ kí ìbò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, Stanwyck kò sì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń jókòó kọ ìtàn nítorí rẹ̀ nìkan. Ó ń wọ ilé onílé, ó ń bá ohun tó wà níbẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ń sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹ fi ojú méjì yìí dán ara yín wò

Bí àkókò yín kò bá tó nǹkan, tẹ́ ẹ sì fẹ́ mọ ẹni tó máa bá yín lára mu, ibi méjì péré ni kẹ́ ẹ wò. Ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà nínú méjèèjì: ọkọ ń kú, aya mọ̀, kámẹ́rà sì kọ̀ láti kúrò lójú aya.

Àkọ́kọ́ wà nínú The Little Foxes, tí William Wyler darí ní 1941. Davis ni Regina, obìnrin olówó kan ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọkọ rẹ̀ ní àìsàn ọkàn. Wọ́n ń ṣàríyànjiyàn, àìsàn kì í mọ́lẹ̀, ìgò oògùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ó fọ́, ó ní kí ìyàwó òun lọ mú èkejì wá lókè. Regina kò dìde. Ọkọ rẹ̀ rọra fà ara rẹ̀ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó di àtẹ̀gùn mú, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ó ṣubú. A kò rí ọkùnrin náà dáadáa, bàìbàì ló wà lẹ́yìn. Ojú Davis ló mọ́lẹ̀ kedere níwájú wa: ó le gbọnrangandan, ó funfun bí ẹfun, ẹyinjú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń fetí sí ohun tí kò fẹ́ yíjú wò. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìjókòó yẹn. Wyler kò fẹ́ràn àtíkè funfun tó kùn sójú náà, wọ́n jà lórí rẹ̀, Davis kò sì nù ún kúrò. Mo wà lẹ́yìn Davis lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Èkejì wà nínú Double Indemnity, tí Billy Wilder darí ní 1944. Stanwyck ni Phyllis, ìyàwó tó ti bá ọkùnrin oníṣòwò ìbánigbófò gbìmọ̀ pọ̀ láti pa ọkọ rẹ̀ kí wọ́n lè gba owó. Ó ń wa mọ́tò, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kejì sá pamọ́ sẹ́yìn. Ó tẹ fèrè mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni àmì. Wọ́n fún ọkọ náà lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n a kò rí i. Ojú Stanwyck nìkan la rí, ó ń wo ọ̀nà iwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọkọ̀. Nǹkan kékeré kan yí padà nínú ojú yẹn, ó dà bí ìgbà tí ara tu èèyàn. Ó tán. Kò la ojú, kò mí gúlegúle.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, lóòótọ́. Bó bá jẹ́ èyí àkọ́kọ́ ló mú yín dìde lórí àga, ti Davis ni yín. Òun máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí iṣẹ́ tó ń ṣe: ọwọ́ tó ń gbọ̀n sìgá, ọ̀rọ̀ tó ń gé ní kúkúrú kúkúrú, ìrìn tó dà bíi pé ilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ èkejì ló wọ inú yín, tẹ́ ẹ wá ń bi ara yín léèrè ohun tẹ́ ẹ rí gan-an, Stanwyck ni kẹ́ ẹ mú. Òun máa ń fi iṣẹ́ pa mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí pápá náà bá èyí mu. Wyler ní kí Davis tún àwòrán kan náà ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà nígbà tí wọ́n ń ṣe Jezebel, pàápàá ibi tó ti fi ẹgba ẹṣin gbé etí aṣọ rẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Davis bínú, lẹ́yìn náà ló wá gbà pé ọkùnrin náà mọ ohun tó ń wá. Capra ní tirẹ̀ rí i pé ìgbà àkọ́kọ́ tí Stanwyck bá ṣe é ló máa ń dáa jù, tí yóò sì máa relẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó wá ń dán àwọn òṣèré yòókù wò láìsí Stanwyck níbẹ̀, ó ń to kámẹ́rà tó pọ̀, kí ó lè mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀rín

Mo máa ṣe kúkúrú níbí: bó bá jẹ́ ẹ̀rín lẹ fẹ́, Stanwyck ni. Davis gbìyànjú àwàdà, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gún sọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í tú. Ẹ wo Stanwyck nínú The Lady Eve, nínú ilé óúnjẹ ọkọ̀ ojú omi, tó gbé dígí ìtọ́jú ojú rẹ̀ sókè tó ń fi wo Henry Fonda, ọmọ olówó tí gbogbo obìnrin ibẹ̀ ń dọdẹ. Òun ló ń ròyìn ohun tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni tó ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Nígbà tí Fonda dìde tó ń kọjá lọ, ó na ẹsẹ̀ síta, ọkùnrin náà sì fojú gbálẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ló ti fi Stella Dallas pa yín lẹ́kún ní 1937, tó dúró sójú òjò níta, tó ń gba ojú fèrèsé wo ìgbéyàwó ọmọ tó bí, tí ọlọ́pàá wá ń sọ fún un pé kó máa lọ. Mi ò mọ òṣèrébìnrin mìíràn nígbà yẹn tó lè ṣe méjèèjì báyìí.

Àwọn obìnrin dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn

Ẹ ò lè wo fíìmù ìgbà yẹn kí ọ̀rọ̀ yìí má kàn yín, ó sì yẹ kó wà lára ohun tẹ́ ẹ máa fi yàn. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò gbé ipa olórí fún obìnrin dúdú àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n ṣe. Hattie McDaniel, tí òbí rẹ̀ méjèèjì ti ṣẹrú rí, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Oscar, ní 29 February 1940, lórí ipa ọmọ ọ̀dọ̀ nínú Gone with the Wind. Hótẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ṣe ayẹyẹ náà kì í gba èèyàn dúdú. Wọ́n ní láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, wọ́n sì fi í sí tábìlì ọ̀tọ̀, jìnnà sí àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Inú máa ń bí mi gidi bí mo bá rántí rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ìbínú yẹn lọ.

Ní ti Stanwyck, Baby Face ti 1933 ni kẹ́ ẹ wá. Theresa Harris ni Chico nínú rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí bàbá ọmọbìnrin tí Stanwyck ṣe. Bàbá náà fẹ́ lé Chico, Stanwyck yarí pé bí Chico bá lọ, òun náà ń lọ. Àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin ẹrù lọ sí New York, Chico sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún apá tó pọ̀ nínú ìtàn náà. Òótọ́ ni pé ó tún padà di ọmọ ọ̀dọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Fún ọdún 1933, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Theresa Harris kan náà wà nínú Jezebel pẹ̀lú Davis ní 1938, ṣùgbọ́n ẹrú ló jẹ́ níbẹ̀, ní New Orleans ti 1852, àwọn ẹrú inú fíìmù náà sì ń kọrin bíi pé ayé dùn fún wọn. Davis dára gan-an nínú rẹ̀. Apá yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹni tí kò bá ní lè gbà á mọ́ra, kó fò ó. Àwọn mìíràn wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Davis nínú ìtàn tó fi òtítọ́ wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn dúdú, In This Our Life ti 1942 ni. Ernest Anderson ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ amòfin, Hattie McDaniel ni ìyá rẹ̀. Ẹni tí Davis ṣe fi mọ́tò pa ọmọ kékeré kan, ó sì purọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló wa mọ́tò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀; ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní gba òun gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin funfun, ìyẹn sì hàn lójú rẹ̀. Àwọn fíìmù tó sọ ọ́ báyìí kò pọ̀ nígbà yẹn.

Bí kò bá wù yín láti mú nínú méjèèjì

Ẹnì kẹta wà. Olivia de Havilland náà wà nínú In This Our Life, òun ni ẹ̀gbọ́n tó ń tú àṣírí àbúrò. Tokyo ni wọ́n bí i sí ní 1916. Warner ló mú un, wọ́n sì fi í ṣe ọmọbìnrin tí òṣèrékùnrin Errol Flynn máa ń gbà là. Fíìmù mẹ́jọ ni wọ́n jọ ṣe. Bó bá kọ ipa, wọ́n á dá a dúró, bí wọ́n ti ń ṣe fún Davis. Nígbà tí ọdún méje rẹ̀ pé ní 1943, Warner ní ó ṣì jẹ àwọn ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, gbogbo àkókò tí wọ́n fi dá a dúró.

Ibi tí Davis ti ṣubú ni òun ti dìde. Kò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Amòfin rẹ̀, Martin Gang, wá òfin California kan rí tó sọ pé a kò lè fi àdéhùn iṣẹ́ de èèyàn kọjá ọdún méje. Àríyànjiyàn wọn ni pé ọdún méje orí kàlẹ́ńdà ni òfin ń wí, kì í ṣe ọdún méje tí ọ̀gá ń kà lọ́nà tirẹ̀. Ó jàre ní 1944, Warner pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún jàre. Lákòókò yẹn, Jack Warner ti kọ̀wé káàkiri sí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù pé kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́, obìnrin náà sì jókòó láìríṣẹ́ fíìmù fún bí ọdún méjì. Nígbà tó padà, To Each His Own gba Oscar fún un lórí iṣẹ́ 1946, The Heiress sì gba èkejì lórí iṣẹ́ 1949. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin náà ní California. Ó pé ọmọ ọdún 104 kó tó kú ní Paris ní 2020.

Ẹni tó bá fẹ́ obìnrin tó rọra ń yí padà kúrò ní ọmọ jẹ́jẹ́ sí òkúta, ẹ fún un ní The Heiress. Lójú tèmi, kò ní fíìmù ńlá tó pọ̀ tó ti Davis tàbí Stanwyck, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan tó láti fi pè é ní ọ̀gá.

Bí mo ṣe máa to ó fún yín

Fún Davis, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Letter ti 1940. Ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ yẹn tó: òru òṣùpá lóko rọ́bà nítòsí Singapore, àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, ìbọn dún, ọkùnrin kan ta gọ́ọ́gọ́ jáde, Davis sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń yìn ín lọ títí ọta fi tán. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú The Little Foxes, lẹ́yìn náà Now, Voyager ti 1942 bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́, ti obìnrin tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ pa lára tó wá gba ara rẹ̀ sílẹ̀. All About Eve ti 1950 ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìkẹyìn, nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n. Ọdún kan lẹ́yìn tó kúrò ní Warner ló jáde. Claudette Colbert ló yẹ kó ṣe é, ẹ̀yìn ló dùn ún, wọ́n wá pe Davis. Obìnrin ìtàgé tó ń dàgbà tó sì ń bẹ̀rù ló ṣe, ohun gbogbo tó kọ́ ní ọdún méjìdínlógún yẹn ló sì kó wá síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú What Ever Happened to Baby Jane? ti 1962, bí ó ti wù kí àwọn èèyàn yìn ín tó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Davis jẹ́ tẹ́lẹ̀, iwin nìkan ló máa rí níbẹ̀.

Fún Stanwyck, ọ̀nà mi ni The Lady Eve, kí ẹ rẹ́rìn-ín; Double Indemnity, kí ẹ̀rù bà yín; Stella Dallas, kẹ́ ẹ sunkún. Irú òṣèré tó jẹ́ á ti yé yín. Lẹ́yìn ìyẹn ni Baby Face. Ẹ ṣọ́ra lórí ẹ̀dà tẹ́ ẹ máa wò o: wọ́n gé e kí wọ́n tó gbà á láàyè ní 1933, ní 2004 sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èyí tí wọn kò gé nínú àkójọ fíìmù Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà. Èyí tí wọ́n gé yí ìmọ̀ràn tí àgbàlagbà kan ń fún ọmọbìnrin náà padà di ìwàásù, ìparí rẹ̀ náà sì yàtọ̀. Odindi ni kẹ́ ẹ wá.

Fíìmù dúdú-àti-funfun ni gbogbo èyí tí mo tò sókè yìí. Bí ojú yín kò bá tíì mọ́ wọn lára, The Adventures of Robin Hood ti 1938, tí de Havilland àti Flynn ṣe, ní àwọ̀ tó rẹwà gan-an, àwọn ọmọ yín náà sì lè jókòó tì yín wò ó.